Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo: Bí Ẹ Ṣe Máa Rìn Ín Láti Ẹnu Géètì Dé Etí Odò

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá jù lórí Igbó Ọ̀ṣun kò ju méjì lọ. Àkọ́kọ́: "Ṣé ó di ìgbà ọdún Ọ̀ṣun kí èèyàn tó lè wọlé?" Ìkejì: "Bí mo bá ti dé odò, kí ló tún kù tí mo máa wò?"

Èsì àkọ́kọ́ kò le: kò di ìgbà ọdún. Àlejò ń wọlé ní ọjọ́ lásán, ọjọ́ lásán ló sì dára jù fún ẹni tó bá fẹ́ fara balẹ̀. Ìkejì ló gba àlàyé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ti ẹnu géètì já sí etí odò tààrà. Wọn a ya fọ́tò mẹ́ta, wọn a bu omi sínú ike, wọn a sì kọrí sílé. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí odò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò rí igbó, kò sì mọ̀ pé orí ìlú àtijọ́ ni òun ń tẹ̀ kọjá.

## Ẹ mọ èyí kí ẹ tó gbéra: ọwọ́ méjì ló di igbó yìí mú

Igbó náà tó hẹ́kítà 75, ìyẹn bíi ọgọ́rùn-ún pápá bọ́ọ̀lù tí a tò pọ̀. Ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO sì kà á mọ́ àwọn ogún aráyé ní 2005. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó mùsíọ́mù àti ohun ìrántí ló ni géètì, tíkẹ́ẹ̀tì àti àwọn atọ́nà. Àwọn àwòrò, Ìyá Ọ̀ṣun àti àwọn ọlọ́rìṣà ló ni ojúbọ, ààfin Àtáọ́ja, ọba Òṣogbo, sì ń bẹ lẹ́yìn wọn.

Ohun tó túmọ̀ sí fún yín ni pé tíkẹ́ẹ̀tì la ọ̀nà fún yín, kò ṣí ojúbọ. Orí èyí gan-an ni púpọ̀ nínú gbólóhùn asọ̀ inú igbó ti ń bẹ̀rẹ̀. Àlejò a ní òun ti sanwó, ìyá tó jókòó lẹ́nu ojúbọ a ní kò sí ohun tó kan òun nínú owó yẹn. Àwọn méjèèjì ò purọ́.

Àwọn kan máa ń béèrè bóyá Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì lè wọlé. Wọ́n lè wọlé. Kò sẹ́ni tó máa fi ipá mú yín kúnlẹ̀.

## Ọjọ́ wo, àkókò wo?

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù Bélú sí oṣù Ẹrẹ́nà. Ìgbà yìí la fara mọ́ jù. Ilẹ̀ gbẹ, ọ̀nà ò yọ̀, odò sì fà sẹ́yìn.

Ìgbà òjò. Igbó tutù, ewé ń dán, ó sì rẹwà ju ti ẹ̀ẹ̀rùn lọ. Àmọ́ ewédò máa ń hù sórí àtẹ̀gùn àti sìmẹ́ǹtì, ẹ̀fọn ń pọ̀, odò sì ń kún débi pé kò yẹ kí ẹ sún mọ́ etí rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ lóru, ẹ dúró di aago mẹ́wàá kí ọ̀nà gbẹ díẹ̀.

Oṣù Ògún. Oṣù ọdún Ọ̀ṣun nìyí, ọjọ́ 12 ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ìwọ́pópó, ìyẹn ìwẹ̀nùmọ́ ìlú, wà nínú rẹ̀, àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún wà níbẹ̀, Ìbọríadé náà, ìyẹn bíbọ adé àwọn ọba àná. Ọjọ́ ìkẹyìn, tó sábà máa ń bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, ni Arugbá, ìyẹn wúńdíá tí a yàn, ń ru igbá ẹbọ lọ sí etí odò. Bí ẹ bá fẹ́ rí Arugbá, ọjọ́ yẹn ni kí ẹ wá. Bí ẹ bá fẹ́ rí igbó, ẹ má wá lọ́jọ́ yẹn rárá: èrò á gbé yín láti iwájú, á tún tì yín láti ẹ̀yìn, kò sì sí atọ́nà tó máa ráyè tiyín.

Láàárín ọ̀sẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú ni kí ẹ mú. Ẹ dé géètì ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kí ẹ sì ti jáde kó tó di aago mẹ́ta ọ̀sán. Abẹ́ igi máa ń ṣókùnkùn kí ìgboro tó ṣókùnkùn. Ẹ tún rántí pé àwọn ọlọ́rìṣà ní ọ̀sẹ̀ tiwọn, tó ń yí po ní ọrọọrún. Bí ẹ bá bá ọjọ́ ọ̀sẹ̀ pàdé, ẹ máa bá wọn lẹ́nu ìsìn, ẹ ní láti dúró kí wọ́n parí.

## Ohun tí ẹ máa dì

- Bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín. Sálúbàtà ló ń gbé èèyàn ṣubú jù níbẹ̀.
- Ṣòkòtò gígùn tàbí ìró tó dé kókósẹ̀, pẹ̀lú aṣọ alápá gígùn.
- Omi mímu lítà kan àtààbọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.
- Owó bébà, kí púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ kéékèèké. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé POS tàbí tiransífà, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má dá yín lóhùn.
- Òògùn ẹ̀fọn. Ilé ni kí ẹ ti fi pa ara.
- Báàgì ẹ̀yìn tó ní síìpù. Ẹ gbàgbé báàgì ẹnu gbayawu. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ bí a bá dé orí ọ̀rọ̀ ọ̀bọ.
- Ọ̀rá kan tí ẹ máa kó ìdọ̀tí yín sí padà wálé.

Ẹ fi rédíò, ọtí àti ajá sílé.

## Bí ẹ ṣe máa dé ibẹ̀

Láti Ìbàdàn, ẹ wọ ọkọ̀ Òṣogbo ní Ìwó Róòdù. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Èkó, ìdájí ni kí ẹ kúrò nílé, tàbí kí ẹ sùn sí Òṣogbo mọ́jú. Ẹni tó bá gbéra ní Èkó ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ọ̀sán gangan ló máa wọ igbó, àárẹ̀ á sì ti mú un.

Nígboro Òṣogbo, láti Old Garage tàbí Ọláìyá, ẹ wọ kẹ̀kẹ́ tàbí ọ̀kadà. "Igbó Ọ̀ṣun" ni kí ẹ sọ, kí ẹ pè é já gaara. Bí ẹ bá kàn ní "Ọ̀ṣun," ìpínlẹ̀ ń jẹ́ Ọ̀ṣun, àdúgbò Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun náà sì wà, kẹ̀kẹ́ lè já yín sílẹ̀ níbi tí ẹ kò fẹ́. Ẹ ná owó kí ẹ tó gun un.

Kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ gba nọ́ńbà ọlọ́kadà tàbí oníkẹ̀kẹ́ yẹn. Àlọ kì í ṣòro, àbọ̀ ló ń dáni dúró lẹ́nu géètì.

## Ìrìn náà, ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀

Ẹ fi wákàtí méjì àtààbọ̀ sí mẹ́ta sílẹ̀ fún un.

1. Ẹ sanwó, ẹ gba rìsíìtì. Owó ọmọ ilẹ̀ wa, ti àlejò òkèèrè àti ti akẹ́kọ̀ọ́ lè yàtọ̀ síra, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mú káàdì ilé ìwé dání. Ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta lójú ẹsẹ̀: ṣé owó kámẹ́rà wà lọ́tọ̀, ṣé owó atọ́nà wà nínú èyí tí a san, ojúbọ wo ló wà ní títì lónìí?

2. Ẹ gba atọ́nà láti inú ọgbà. Ẹni tó bá pàdé yín níta géètì tó ní òun mọ̀nà ju wọn lọ, ẹ kí i, kí ẹ kọjá. Sọ fún atọ́nà yín ní ẹnu géètì pé, "A ní wákàtí mẹ́ta, a fẹ́ rìn nínú igbó, odò la máa kángun sí." Bí ẹ kò bá sọ ọ́, odò ló máa mú yín lọ tààrà, torí ohun tí gbogbo èèyàn ń fẹ́ nìyẹn.

3. Ẹ wo ògiri kí ẹ tó wọlé. Iṣẹ́ ọnà ti bẹ̀rẹ̀ láti orí géètì àti ògiri. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí Òṣogbo ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, pẹ̀lú Adébísí Àkànjí àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mìíràn ló gbé wọn kalẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó.

4. Ẹ gba ọ̀nà inú igbó sí Ilédì Oǹtótó àti Ìyá Mòòpó. Ilédì ni ilé ìpàdé Ògbóni. Òrùlé rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbójú sókè wò. Ìyá Mòòpó ni òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin: ìkòkò mímọ, aró dídá. Ẹ rántí orúkọ rẹ̀ bí a bá dé orí ọ̀rọ̀ àpáàdì. Amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi mọ ọ̀pọ̀ ère wọ̀nyí. Omi ń wọ inú wọn, gbòǹgbò igi ń là wọ́n, nítorí náà ẹ má fara tì wọ́n, ẹ má sì gbé ọmọ lé wọn lórí nítorí fọ́tò.

5. Ẹ dúró níbi ìlú àtijọ́. Ẹ ní kí atọ́nà fi ibi ààfin àkọ́kọ́ àti ibi ọjà àkọ́kọ́ hàn yín. A ó sọ ohun tí ẹ máa wò ní ìsàlẹ̀.

6. Ẹ wá sí ojúbọ Ọ̀ṣun. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kí wọn: obìnrin ń kúnlẹ̀, ọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀ tàbí kó tẹrí ba. Bí wọ́n bá ní kí ẹ bọ́ bàtà, ẹ bọ́ ọ. Àwọn èèwọ̀ kan lè kan obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù. Ẹ rọra bi ìyá tó bá wà níbẹ̀ kí ẹ tó wọlé, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

7. Ẹ sọ̀ sí etí odò. Ère Yèyé Ọ̀ṣun tó na apá méjèèjì wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ di ọmọdé lọ́wọ́ mú. Afárá tí a fi wáyà so rọ̀, tó ti wà láti ayé òyìnbó, náà wà lórí odò. Ó ń mì. Bí wọ́n bá gbà kí ẹ gùn ún, kí èèyàn díẹ̀ díẹ̀ máa lọ, kí ẹnikẹ́ni má fò lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má gùn ún, ẹ má jiyàn.

8. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó padà. Ibi tí ẹ bá ti dákẹ́ ni ẹyẹ àti ọ̀bọ máa ti yọjú.

Bí ojú ọjọ́ bá ṣú dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ẹ dé, ẹ yí i padà: ẹ kọ́kọ́ lọ sí odò kí òjò tó dé, kí ẹ sì fi igbó kẹ́yìn.

## Ìlú tó wà lábẹ́ ewé

Ibi tí àlejò ń sáré kọjá jù lọ nìyí, òun náà ló sì gba sùúrù jù. Kí Òṣogbo tó ṣí lọ síbi tó wà lónìí, inú igbó yìí làwọn èèyàn ń gbé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Ogundiran, tó jẹ́ awalẹ̀pìtàn, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti wa ilẹ̀ ibẹ̀, iṣẹ́ wọn sì fi hàn pé ìlú ti wà níbẹ̀ láàárín ọdún 1600 sí 1800. Ẹ má retí òkúta gàgàrà tàbí ilé alárà. Amọ̀ la fi ń kọ́lé nígbà náà, amọ̀ sì ti padà di ilẹ̀. Àmì kéékèèké ni ẹ máa wá:

Ilẹ̀ tó yọ gọńbu. Òkìtì kékeré tí kò jọ ilé ikán, pàápàá bó bá gùn lọ bí ìlà, lè jẹ́ ibi tí ògiri ti wó sí.

Ilẹ̀ dúdú. Eérú àti pàǹtí tó jẹrà máa ń sọ ilẹ̀ di dúdú. Ààtàn nìyẹn. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ààfin ni awalẹ̀pìtàn ń wá, ààtàn gan-an ni wọ́n fẹ́ràn, torí ibẹ̀ ni ìkòkò fífọ́, egungun ẹran àti ohun tí àwọn ará ilé dà nù ti ń pàdé.

Àpáàdì. Òjò máa ń wẹ̀ ẹ́ jáde ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ wo ara rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Àwọn kan ní ìlà tí a fi nǹkan fà, àwọn mìíràn ní bátànì tó rí kókòkókó bí ẹni pé a yí nǹkan lórí amọ̀ tútù. Ṣùkù àgbàdo tí a ti ṣẹ́ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń yí irú èyí nígbà mìíràn. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé láti Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá, ìkòkò tó bá ní àmì ṣùkù kò lè dàgbà ju ìgbà tí àgbàdo dé ilẹ̀ wa lọ. Àmì kan ṣoṣo lára àpáàdì ti dá ọdún mọ̀ fún èèyàn. Àwọn ọmọ Ìyá Mòòpó ló fi ọwọ́ wọn kọ ọ́ síbẹ̀, wọn ò sì mọ̀ pé ẹnì kan máa kà á.

Ẹ má mú un lọ sílé. Ohun tó ń jẹ́ kí àpáàdì sọ̀rọ̀ ni ibi tó wà: ìpele ilẹ̀ wo, kí ló wà lókè rẹ̀, kí ló wà nísàlẹ̀. Tó bá ti wọ àpò yín, ó di èéfọ́ lásán. Gbígbé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ sì lòdì sófin. Bí ẹ bá rí nǹkan tó jọ yín lójú, ẹ fi báírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ìwọ̀n rẹ̀ hàn, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ pe atọ́nà, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ síbi tó wà.

## Màrìwò, pèrègún àti aṣọ funfun

Kò sí pátákó tó kọ "má wọlé" níbi púpọ̀. Àmì tiwa ló wà níbẹ̀. Màrìwò tí a ta sókè lójú ọ̀nà ń sọ pé ẹni tí a mú wọ awo ló ń kọjá lábẹ́ òun. Pèrègún tí a gbìn yípo ń sọ pé ojúbọ wà láàárín. Aṣọ funfun lára igi ń sọ pé igi yẹn kì í ṣe igi ìdáná. Bí ẹ bá rí ọ̀kankan nínú mẹ́ta yìí, ẹ dúró, ẹ bi atọ́nà.

Ní ti fọ́tò: ère ìta àti igbó kò ní wàhálà púpọ̀. Ẹ má ya inú ojúbọ, ẹ má sì ya ẹni tó ń bọ òrìṣà láìtọrọ àyè. Dírónù gba ìwé àṣẹ ìjọba. Ẹ má kàn gbé e wá.

Bí ẹnì kan bá gbàdúrà fún yín, owó tí ọkàn yín bá fẹ́ ni ẹ máa fi sílẹ̀. Ẹni tó bá dá iye lé yín lórí lẹ́yìn àdúrà, ẹ jẹ́ kí atọ́nà bá a sọ̀rọ̀. Ẹ má bá a jà níbẹ̀.

## Omi Ọ̀ṣun: ẹ má mu ún

Ọ̀rọ̀ yìí kì í dùn létí, pàápàá lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ti ń fi omi Ọ̀ṣun tọ́jú ọmọ láti ìran dé ìran. Àmọ́ omi náà ti ń rí pọ́n bí amọ̀ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n sì ń tọ́ka sí ìwakùsà góòlù ní apá òkè odò. Ewu mẹ́kúrì àti òjé wà nínú irú ìwakùsà bẹ́ẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé, "A ó sè é." Sísè ń pa kòkòrò àìsàn, kì í mú mẹ́kúrì tàbí òjé kúrò, omi tó bá gbẹ nínú ìkòkò tilẹ̀ ń mú kí ohun tó kù túbọ̀ ki. Álọ́ọ̀mù náà ń mú kí omi mọ́ lójú, ṣùgbọ́n omi tó mọ́ lójú lè má mọ́ nínú. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìre lè fi ìka kan omi kó fi kan iwájú orí, kó sì fi omi mímọ́ fọ ọwọ́ kó tó jẹun. Ẹ má wẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ má sì dẹ ẹja níbẹ̀: ọdẹ àti ẹja pípa jẹ́ èèwọ̀ nínú igbó yìí.

## Ohun tó ń jẹ, ohun tó ń ta, ohun tó ń jà lólè

Ọ̀bọ. Wọn ò bẹ̀rù èèyàn mọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà inú báàgì ẹnu gbayawu ni wọ́n ń wá, wọ́n sì lè mú fóònù mọ́ ọn. Ẹ má jẹun lójú wọn, ẹ má fi oúnjẹ tàn wọ́n nítorí fọ́tò. Bó bá gé yín jẹ tàbí há yín léèékánná, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà.

Wèrèpè. Èèpo rẹ̀ ní irun, irun yẹn ló ń yúnni. Ẹ má fọwọ́ kan èso tó bá ní irun lára okùn igbó. Bó bá ti bà yín, ẹ má họ ọ́, ẹ má fi ọwọ́ nù ún. Ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn, kí ẹ sì fà á yọ kó lè kó irun náà kúrò.

Ìjàlọ. Kí ẹ tó dúró gbọ́ àlàyé atọ́nà, ẹ wolẹ̀. Bí wọ́n bá tò kọjá lójú ọ̀nà, ẹ gbé ẹsẹ̀ gígùn kan kọjá lórí wọn.

Ejò wà, ó ń sá fún èèyàn. Ẹ ṣáà má yà kúrò lójú ọ̀nà.

## Bí ẹ bá mú àgbàlagbà tàbí ọmọ kékeré dání

Ẹ gé ìrìn náà kúrú: géètì, ojúbọ Ọ̀ṣun, etí odò láti òkè, ó parí. Ìṣẹ́jú márùnlélógójì tó. Ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà lo ọ̀pá, kí ó má sì sọ̀ kalẹ̀ dé etí omi bí ilẹ̀ bá tutù. Kí ẹ pọn ọmọ tí kò tíì mọ ìrìn dáadáa. Kẹ̀kẹ́ ọmọdé kò ní lè yí níbẹ̀.

## Bí ọjọ́ bá ṣì kù

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí Àdùnní Olórìṣà gbé wà ní Ọ̀nà Ìbòkun. Ilé tí èèyàn ń gbé ni, ẹ kan ilẹ̀kùn kí ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó gbé kámẹ́rà sókè. Ẹni tó bá fẹ́ràn àdìrẹ lè yà sí gálárì Nike Davies-Okundaye tó wà nílùú. Ààfin Àtáọ́ja wà lágbègbè Ọjà Ọba, ìta rẹ̀ sì ṣeé wò fún gbogbo èèyàn.

Kí ẹ tó kúrò nínú igbó, ẹ gbọn bàtà àti etí ṣòkòtò yín. Ẹ pe ọlọ́kadà yẹn nígbà tó bá ku bí ìṣẹ́jú ogún tí ẹ máa dé géètì, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà. Bí kò bá gbà, ẹ ní kí ẹni tó wà lẹ́nu géètì bá yín dá ọ̀kan tó ń kọjá lọ dúró.